Kẹ́ ẹ tó gun afárá òkè igi Lekki yẹn, ẹ gbọ́ èyí ná

Ẹ̀yin tèmi, ẹ káàbọ̀ o. Igbó tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn mi yìí, ẹ má rò pé abúlé ni mo wà, Lekki ni o! Lekki Conservation Centre. Ariwo mọ́tò ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ṣì wà níta, àmọ́ téèyàn bá ti wọ géètì tán, ẹyẹ ló máa gbọ́. Chevron ló kọ́ ọ ní 1990 fún NCF, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko ní Nàìjíríà, hẹ́kítà 78, kí ilé má bàa jẹ gbogbo igbó etíkun yìí tán. Ẹ ṣáà wo àyíká ẹ̀ lónìí.

Tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu géètì lọ́tọ̀, ti canopy walk, ìyẹn afárá òkè igi, lọ́tọ̀, ó tán.

Orí pákó la ó máa rìn torí pé ìrà ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ wo omi dúdú yẹn bó ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọ̀nì wà níbí o. Tí òjò bá ti rọ̀, pákó yìí máa ń yọ̀ bí ilá, nítorí náà, ẹ fi sílípáàsì sílé.

Ọ̀bọ ńkọ́? Há à. Lọ́jọ́ kan mo gbé bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà sínú láílọ́ọ̀nù, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ dúdú kékeré yẹn fa láílọ́ọ̀nù ya, ó mú bọ̀ọ̀lì lọ, ó fi ẹ̀pà sílẹ̀ fún mi! Ó wá jókòó sórí ẹ̀ka níwájú mi, ó ń fi èékánná ha ibi tó jóná kúrò, ó ń wò mí. Ẹ KÓ OÚNJẸ PAMỌ́ SÍNÚ BÁÀGÌ, kẹ́ ẹ sì ti síìpù ẹ̀!

Ó yá, afárá òkè igi rèé, mítà 401, wọ́n ní òun ló gùn jù ní Áfíríkà. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Tó bá ti mì pẹ́nrẹ́n báyìí, wọ́n á gan bí òpó iná, wọ́n á wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú. Rárá o! Ṣé ẹ rántí mólúè? Ẹni tó bá na orúnkún gbọnrangandan, tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búréèkì, òun ló máa kọ́kọ́ já lé ìyá alátà lẹ́sẹ̀. Ẹni tó rọ orúnkún díẹ̀, tó ń bá ọkọ̀ jó, kò sóhun tó máa ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí. Ẹ RỌ ORÚNKÚN. Ẹ FI ÀYÈ SÍLẸ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín àti tẹni iwájú máa balẹ̀ pa pọ̀, torí bí ẹsẹ̀ bá ti ṣọ̀kan lórí okùn, ṣe ni afárá máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ̀yin náà lẹ sì ń lùlù fún un! Mo tún un sọ o: orúnkún, àyè, ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi gùn ún kẹ́ ẹ rí i... ẹ̀n-ẹ́n... ẹ wo orí ọ̀pẹ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, òkè ọ̀pẹ là ń wò yìí o... Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ń mì jù kọ́ lèèyàn ti ń ya sẹ́lífì, ẹ sún síwájú!