Ìjókòó Ẹ̀yìn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Alùpùpù Àlòkù fún Tọkọtaya

Ṣadé: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi Ṣadé ni, ẹ̀gbọ́n Bọ́lájí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya tó fẹ́ ra alùpùpù àlòkù níbí ní Bìrìtìkó la mú wá, irú máṣíìnì gíga tí wọ́n fi ń rìn jìnnà, tó ní gíláàsì níwájú, tí wọ́n ń so àpótí mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. £4,000 ni gbogbo owó tó wà nílẹ̀. Wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Portsmouth, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Santander ní Sípéènì, kí wọ́n wá gun àwọn òkè Picos de Europa. Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Bọ́lájí: Láti ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ béèrè, ẹ́ńjìnì ló sì yẹ ká bi kẹ́yìn. Máṣíìnì tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 650cc lágbára tó láti gbé èèyàn méjì gun òkè. Àmọ́ bí ìjókòó ẹ̀yìn kò bá dára, ẹni tó wà lórí ẹ̀ á ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, ìrìn-àjò náà sì ti bà jẹ́ nìyẹn. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ wo máṣíìnì náà. Kí ọkọ má dá lọ rà á, kó wá gbé e délé fún ìyàwó. Bó bá sì jẹ́ ìyàwó ló ń wà á, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ṣadé: Bí wọ́n bá débẹ̀, kí ni kí ẹni ẹ̀yìn máa yẹ̀ wò?

Bọ́lájí: Kó gùn ún, kó gbé ẹsẹ̀ lé irin ìtẹ́sẹ̀, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 láìsọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú awakọ̀ níwájú rẹ̀. Bí orúnkún bá ká jù, itan á máa ro ó. Kó wò ó bóyá ìjókòó dagẹ̀rẹ̀ síwájú, torí bó bá dagẹ̀rẹ̀, gbogbo ìgbà tí bíréèkì bá mú ló máa yọ̀ lọ bá ẹ̀yìn awakọ̀, apá awakọ̀ ló sì máa ru ìwọ̀n èèyàn méjì. Ó tún yẹ kí irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Awakọ̀ ní tiẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan kan ilẹ̀ lè máa rí i gbé bó bá dá wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n kó dúró lójú ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn lẹ́yìn àti ẹrù, ibẹ̀ ni máṣíìnì ti ń ṣubú. Ìdúró ló ń gbé wọn ṣubú, kì í ṣe eré.

Ṣadé: Ẹ ti sọ ọ́ nígbà kan pé ìwọ̀n ẹrù ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù.

Bọ́lájí: Òun gan-an. Gbogbo máṣíìnì ló ní ìwọ̀n àpapọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó wà nínú ìwé ìlò rẹ̀, ó sì sábà máa ń wà lára àwo kékeré tó wà lára ṣáásì. Ìwọ̀n yẹn kó gbogbo ẹ̀ pọ̀: máṣíìnì, epo, èèyàn, ẹrù. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, Ṣadé. Ká ní ìwé sọ pé kílò 415, tí máṣíìnì pẹ̀lú epo inú rẹ̀ jẹ́ 214. Kí ló kù?

Ṣadé: 201.

Bọ́lájí: Ọkọ jẹ́ 85, ìyàwó jẹ́ 70. Àṣíborí, jákẹ́ẹ̀tì, bàtà àti ìbọ̀wọ́, ẹ fi kílò 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. 175 nìyẹn, ó ku 26. Àpótí mẹ́ta pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń so wọ́n lè tó kílò 15 lófìfo. Kílò 11 ló ṣẹ́kù fún aṣọ, irinṣẹ́ àti omi mímu.

Ṣadé: Áà! Àpò ìrẹsì kékeré, ti kílò 10, kúkú nìyẹn.

Bọ́lájí: Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí tọkọtaya ra àpótí irin ńláńlá. Báàgì rírọ̀ méjì tí a ń gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ fúyẹ́ jù ú lọ dáadáa, ó sì dín owó kù. Ẹ kàn rí i pé kò kan sáláńsà, kó má baà jó. Àpótí ẹ̀yìn ńkọ́? Ó dùn mọ́ ẹni ẹ̀yìn torí ó lè fẹ̀yìn tì í, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó lè gbà kéré, ó sábà máa ń wà láàárín kílò 5 sí 10. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló wà, torí náà bẹ́ ẹ bá kó irinṣẹ́ síbẹ̀, ṣe ló ń gbé iwájú máṣíìnì sókè, hándù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí eré. Nǹkan tó fúyẹ́, bí aṣọ òjò, ni kó wà níbẹ̀.

Ṣadé: Ó yá, ẹ dárúkọ máṣíìnì fún wa.

Bọ́lájí: Suzuki V-Strom 650. Bí mo bá ní kí tọkọtaya kan fi owó yẹn ra ẹyọ kan, òun ni. 2004 ló jáde, 645cc, sìlíńdà méjì. Táǹkì ti àkọ́kọ́ gba lítà 22, ti 2012 sókè gba 20. Láti 2007 ni èyí tó ní ABS, bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há kó máa yọ̀, ti wà. Ẹ wá èyí tó ní i. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún èèyàn méjì ni pé ọwọ́ lásán la fi ń yí bọ́tìnì tó ń mú sípíríǹgì ẹ̀yìn le. Lọ́jọ́ Ajé, awakọ̀ dá gùn ún lọ síbi iṣẹ́, ó dẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n di méjì, ó yí i le. Máṣíìnì tó bá gba sípánà kí a tó lè ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn máa ṣe é, kò ní ṣe é mọ́.

Ṣadé: Kí ló ń bà jẹ́ lára rẹ̀?

Bọ́lájí: Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù máa ń jẹ páìpù sáláńsà tó wà níwájú ẹ́ńjìnì. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Fílítà ọ́ìlì rẹ̀ náà, iwájú ló kọjú sí, ibi tí òkúta ti lè bà á, torí náà irin ìdáàbòbò abẹ́ ẹ́ńjìnì ṣe pàtàkì. Atẹ́gùn orí gíláàsì iwájú máa ń gbá àṣíborí àwọn kan. Irin kékeré tó ń yí ìdagẹ̀rẹ̀ gíláàsì padà sábà máa ń yanjú ẹ̀. Èyí tó lówó lórí ni yíyẹ fáàfù wò, ní kìlómítà 24,000, ìyẹn bíi máìlì 15,000. Iṣẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tó wà ní máìlì 14,500, ẹ béèrè rìsíìtì. Ọ̀pọ̀ ló ń tà á kí owó yẹn tó já lé wọn lórí.

Ṣadé: Honda NC700X ńkọ́? Epo rẹ̀ kì í tètè tán, ibi tí táǹkì yẹ kó wà sì jẹ́ àpótí tó gba odindi àṣíborí.

Bọ́lájí: Máṣíìnì tó dára ni, owó epo rẹ̀ kéré gan-an. Àmọ́ abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ẹnu táǹkì rẹ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ra epo, ẹni ẹ̀yìn á sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tú báàgì tó bá wà níbẹ̀, ẹ ó ṣí ìjókòó. Nínú òjò, ìyẹn ń tánni ní sùúrù. Fún ẹni tó ń dá rìn, mo fọwọ́ sí i.

Ṣadé: Ọ̀pọ̀ èèyàn wa, BMW R1200GS ni wọ́n ń fojú sí. Àwọn ti 2005, 2006 ti sọ̀ sí iye owó yìí.

Bọ́lájí: Ó ti sọ̀ lóòótọ́, kò sì sí máṣíìnì tó gbé èèyàn méjì dùn tó o. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé £4,000 ló máa gbà tán, kò ní ku nǹkan kan fún àtúnṣe, àtúnṣe rẹ̀ sì wọ́n. Bíréèkì àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀rọ oníná kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́. Bí a bá pa iná, bíréèkì tó kù kò tó nǹkan. Ẹ̀rọ tó ń darí pọ́ǹpù epo máa ń kú. Kò ní ṣéènì, ọ̀pá ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bó bá ń mì, tàbí tí ọ́ìlì ń sun níbẹ̀, ẹ máa lọ sílé. BMW pe ọ̀pọ̀ wọn padà nítorí irin tí wọ́n fi so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ọ̀pá, tó lè sán. Ẹ wo GOV.UK, ojú ewé ìjọba, láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe tẹni tó ń tà á. Ọ̀fẹ́ ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣadé: Triumph Tiger 800 àti BMW F800GS máa ń wà nínú ìpolówó náà.

Bọ́lájí: Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Tiger 800 lásán ní rímù dídà, táyà rẹ̀ kò ní túúbù. Èyí tí wọ́n ń pè ní XC, àti F800GS, rímù sípóòkì ni wọ́n ní, túúbù wà nínú wọn, ẹsẹ̀ iwájú wọn sì jẹ́ íǹṣì 21. Bí ìṣó bá gún táyà tí kò ní túúbù, ẹ ó fi rọ́bà dí i, ẹ ó fi pọ́ǹpù kékeré gbé e, ìṣẹ́jú 15 ti tó. Bó bá jẹ́ ti túúbù, ẹ ó tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn látòkè délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pẹ̀lú ẹrù èèyàn méjì. Ojú títì ọlọ́dà ni tọkọtaya yìí ń rìn, wọn ò nílò íǹṣì 21.

Ṣadé: Fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má gbàgbé ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù. Alùpùpù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú July 2007 sábà máa ń san £12.50 lójúmọ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí ojú ewé TfL, àjọ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó ṣì ń lo àmì L, àmì ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé èèyàn sẹ́yìn, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gùn tó.

Bọ́lájí: Nílé náà ni kí ẹ ti wo ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí ọkọ̀ ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, máìlì ọdọọdún sì wà níbẹ̀. Bí máìlì bá lọ sẹ́yìn, ẹ pa á tì. Bí wọ́n bá kọ ìkìlọ̀ kan náà lọ́dún mẹ́ta léra, ẹ mọ̀ pé ẹni náà kì í tọ́jú nǹkan. Màá ra máìlì 40,000 tó ní rìsíìtì, màá fi 9,000 tí kò ní sílẹ̀. Ẹ fi £10 sí £20 wádìí bóyá gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀, torí V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà ló ni ín.

Ṣadé: Nígbà tí wọ́n bá wá dé iwájú máṣíìnì?

Bọ́lájí: Kí wọ́n ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, kó tutù. Èyí tó gbóná ti ń fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Ẹ fa ṣéènì kúrò lára irin eléyín tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ìdajì eyín bá hàn, ṣéènì ti parí, £150 ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ gbé iwájú sókè, ẹ yí hándù díẹ̀díẹ̀: bó bá há díẹ̀ láàárín gbùngbùn, béárìnì ọrùn ti jẹ. Ẹ nu ṣọ́ọ̀kì iwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì yọ. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà, bíi 2319, túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Òfin fẹ́ mílímítà 1 ó kéré tán, ṣùgbọ́n táyà tó ti gbó nínú gáréèjì le bí igi, bó tilẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Ẹ mú mítà iná dání. Bátìrì tó sinmi yẹ kó wà ní fólítì 12.6, bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnì dé ìyípo 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá kúrò ní 12, ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì ti ń kú, ó sì lè dá yín dúró sójú ọ̀nà.

Ibì kan wà tí àwọn èèyàn kì í wò: abẹ́ ìjókòó, níbi tí wọ́n ti de irin àpótí ẹ̀yìn mọ́ ìdí ṣáásì. Ẹ wá ibi tó sán, tàbí ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin. Àpótí tó wúwo jù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣadé: Báwo ni kí wọ́n ṣe pín £4,000 náà?

Bọ́lájí: Kí máṣíìnì má kọjá £3,000. Táyà méjì, ẹ mú £250 sílẹ̀. Ṣéènì, páàdì, ọ́ìlì, £250. £400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní yọ owó ṣọ́ọ̀kì yẹn sẹ́yìn fún ohunkóhun. Sípíríǹgì tó bá máṣíìnì jáde, wọ́n ṣe é fún ẹnì kan tó wọn bíi kílò 75 sí 80. Tó ti lo ọdún 15, kò tún tó ìyẹn mọ́.

Ṣadé: Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́?

Bọ́lájí: Téèpù ni. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ wọn láti nọ́ọ̀tì àárín ẹsẹ̀ lọ tààrà sí àmì kan lókè. Ká ní mílímítà 600. Kí àwọn méjèèjì wá gùn ún pẹ̀lú aṣọ ìrìn-àjò àti ẹrù, kí ẹnì kẹta tún wọ̀n ọ́n. Lórí máṣíìnì tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè rìn mílímítà 160, ó yẹ kó sọ̀ ní bíi 50, ìyẹn 550. Bó bá sọ̀ dé 525, ẹ yí bọ́tìnì le. Bí ẹ bá yí i tán tí kò gòkè, sípíríǹgì ló kéré. Máṣíìnì tó jókòó sẹ́yìn báyẹn, iwájú rẹ̀ fúyẹ́, kì í fẹ́ yà ní kọ́nà, á máa fẹ́ sá bọ́ sí ọwọ́ kejì, ní òkè Picos níbi tí àfonífojì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ìyẹn bá ti gún, ẹ wá gbé afẹ́fẹ́ táyà. Lórí V-Strom 650, iwájú 33 psi, ẹ̀yìn 36 bó bá jẹ́ ẹnì kan, 41 bí ẹ bá di méjì. Òtútù ni ká ti wọ̀n ọ́n, kó tó rìn.

Ṣadé: Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ló kù?

Bọ́lájí: Iná iwájú. Ẹ gbé e kojú ògiri, ẹ sàmì sí ibi tí iná dé nígbà tí awakọ̀ nìkan wà lórí ẹ̀. Kí ẹni ẹ̀yìn gùn ún, kí ẹrù wà lórí ẹ̀, ẹ wá yí bọ́ọ̀tì rẹ̀ títí iná á fi padà sórí àmì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń rìn ní Sípéènì. Bí iná yín bá ń yà sí òsì, ẹ ra bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, kó má baà fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Ẹ sì lẹ àmì UK mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì. Ní Sípéènì, kódà bí UK bá ti wà lára nọ́ńbà yín, wọ́n ṣì ń béèrè fún un.