Ẹ Yọ Géèjì Wò Kí Ẹ Tó Jáde

Ẹ káàbọ̀. Mo ti ṣí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tutù, torí n kò tíì gbé e jáde láti àná. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fà yọ yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní géèjì. Mo fi àkísà nù ún, mo tì í padà wọlé, mo tún fà á yọ. Ẹ rí àmì méjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Àárín méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Ti ọkọ̀ yìí ti fẹ́ kan àmì ìsàlẹ̀, ó ti ń dín nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Kí ni ọ́ìlì ń ṣe gan-an? Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ń yí lára irin ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì ló wà láàárín wọn tí wọn kò fi jẹ ara wọn. Òun ló tún ń gbé ooru kúrò, tó ń kó ìdọ̀tí lọ sínú fíltà, ìyẹn asẹ́ rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, á dúdú, á ki, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbà náà lẹ ó máa gbọ́ kò-kò-kò, tí mẹkáníìkì á sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ti dé Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, lọ béèrè iye ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mọ̀ pé owó náà á pààrọ̀ ọ́ìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Fún ọ́ìlì lásán, tí kì í ṣe synthetic, ìyẹn ọ́ìlì àtọwọ́dá, 5,000 kìlómítà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń dá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó fún wákàtí méjì nínú gó-síló ní Èkó, ẹ fetí sílẹ̀: bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, mítà kò kà á, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ń gbóná, ọ́ìlì sì ń gbó. Ẹ má dúró de iye yẹn. Ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sídìí redíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Mo gbé màmá mi lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan. Kí a tó dé Ṣágámù, abẹ́rẹ́ tó ń ka ooru ti gòkè pátápátá. Mo rí i, mo sì ní kí n ṣáà dé iwájú díẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dúró, gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín irin ẹ́ńjìnnì, ti jó. Rọ́bà kan tó gbé omi wọ redíétọ̀ ló bẹ́. Ara rẹ̀ ti sán tipẹ́. Ká ní mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nílé ni, ǹ bá mọ̀. Òkèèrè ló yẹ kí olójú jínjìn ti mẹ́kún sun, èmi dúró di ojú ọ̀nà. Màmá mi jókòó sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì bá mi wí.

Nítorí náà, ẹ máa tẹ àwọn rọ́bà yẹn wò. Ẹ má máa da omi kànga sínú redíétọ̀, ó ń mú kí inú rẹ̀ dípẹtà. Kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún redíétọ̀, ni kí ẹ lò. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ọmọrí rẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Omi náà á tú jáde sójú yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú mi síbi táyà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Èyí kà pé 2319: ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè nípọn dáadáa lójú kí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, bó bá sì sáré nínú oòrùn, ó lè bẹ́. Ìwọ̀n atẹ́gùn tó yẹ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ ní kí fọkanáísà wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná. Fífi ẹsẹ̀ ta á kò sọ nǹkan kan fún yín.

Bíréèkì tó ń han gooro lè máa sọ fún yín pé páàdì, ohun tó ń fún irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ra kó lè dúró, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbọn eruku inú fíltà atẹ́gùn, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ó yá, mo ń tú ọ́ìlì yìí sí i díẹ̀díẹ̀, mi ò jẹ́ kó kọjá àmì òkè. Mo tún yọ géèjì wò. Ó ti pé. Ìwé kékeré tó wà nínú ọkọ̀ mi rèé: mo kọ ọjọ́ òní sí i, mo kọ iye kìlómítà, mo kọ iye ọ́ìlì tí mo fi kún un. Lọ́la, màmá mi tún ń bá mi lọ sí Ìbàdàn.