Àpótí Ìbò Otsego: Bí New York Ṣe Yan Gómìnà ní Ọdún 1792

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1792, àwọn ará Otsego, àgbègbè àwọn àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, jáde lọ dìbò yan gómìnà. Wọ́n ju ìwé ìbò wọn sínú àpótí, wọ́n sì padà sílé. Kò sí ẹyọ kan nínú ìbò náà tí wọ́n kà mọ́ èsì.

George Clinton ti wà lórí àlééfà láti ọdún 1777, nígbà tí ogun òmìnira ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ náà. John Jay tó dojú kọ ọ́ ni Adájọ́ Àgbà gbogbo Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ọkùnrin tó bá ní ilẹ̀ tàbí ilé tí iye rẹ̀ tó 100 pọ́n-ùn, lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè orí rẹ̀ kúrò, nìkan ni òfin gbà láyè láti dìbò yan gómìnà.

Wọn kì í ka ìbò níbi tí wọ́n ti dì í. Àwọn alábòójútó ìbò á ti àpótí pa, wọ́n á gbé e fún ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí agbófinró àgbègbè náà, kí òun tàbí igbákejì rẹ̀ lè kó gbogbo rẹ̀ lọ fún akọ̀wé ìpínlẹ̀ ní ìlú New York. Níbẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12 tí ilé aṣòfin yàn ti máa ń kà á, ohun tí wọ́n bá sì fẹnu kò sí, ibẹ̀ ni abẹ gé.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àpótí mẹ́ta. Ẹni tó ń gbé ti Tioga bọ̀ ṣàìsàn lójú ọ̀nà, ó bá fà á lé akọ̀wé rẹ̀ lọ́wọ́, akọ̀wé yìí ló sì gbé e débẹ̀. Ẹni tó gbé ti àgbègbè Clinton, tí wọ́n fi orúkọ gómìnà fúnra rẹ̀ sọ, kò ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ti Otsego ló le jù. Sáà ṣẹ́rífù ibẹ̀ ti parí láti oṣù Kejì; wọ́n ti yan ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n onítọ̀hún kò tíì gbaṣẹ́ nígbà tí àpótí ń lọ. Ṣẹ́rífù àtijọ́ ló fi í ránṣẹ́. Bí kò bá fi ránṣẹ́, ta ni ì bá fi ránṣẹ́?

Ìgbìmọ̀ ké sí àwọn sẹ́nétọ̀ méjì tó ń ṣojú New York, amòfin sì ni àwọn méjèèjì. Rufus King ní kí wọ́n ka ìbò náà. Aaron Burr ní ti Otsego kò bófin mu. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, àwọn méje tí wọ́n jẹ́ alátìlẹ́yìn Clinton borí àwọn mẹ́rin, wọ́n wọ́gi lé ìbò àgbègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì kéde pé Clinton ní 8,440, Jay ní 8,332. Ìbò 108 péré ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ Otsego nìkan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà, ì bá fi nǹkan bí 400 gbé Jay lékè.

Wọ́n fẹ̀sùn kan Adájọ́ William Cooper, aláṣẹ pàtàkì ní Otsego, pé ó fi agbára mú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ dìbò fún Jay. Ẹ̀sùn ńlá ni, ó sì yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀ fínnífínní. Àmọ́ kì í ṣe òun ni ìgbìmọ̀ tìtorí rẹ̀ wọ́gi lé ìbò. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé àpótí ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí àgbẹ̀ kan tó lọ́wọ́ nínú ìyẹn. Ó dùn mí fún wọn.

Ibi tí Jay ti ń rìn láti ìlú dé ìlú gbọ́ ẹjọ́ ni ìròyìn bá a. Inú ń bí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe kọjá òfin. Ó kọ̀wé sí Sarah ìyàwó rẹ̀ pé ọdún díẹ̀ sí i, gbogbo wọn á di erùpẹ̀, àti pé nígbà náà, kí òun ti ṣàkóso ara òun á ṣe pàtàkì ju kí òun ti ṣàkóso ìpínlẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1795, Clinton kò díje mọ́. Jay wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbi tó ti lọ ṣe àdéhùn fún ìjọba, kó tó padà dé, wọ́n ti dìbò yàn án. Ní ti ìwé ìbò Otsego ti ọdún 1792, kò sí ẹni tó lè tún un kà mọ́, nítorí wọ́n ti dáná sun ún.