Fọ́tò Tó Pọ́n Bí Amọ̀: Dídarí Àwọ̀ Nínú Yàrá Òkùnkùn

Ẹ̀yin ará, fọ́tò méjì ni mo gbé sójú fèrèsé nígbà tí mo ń bá àwọn onífọ́tò sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin. Ìyá amọ̀kòkò kan ní Òkelele ló wà nínú méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìkòkò tí kò tíì gbẹ. Nẹ́gétíìfù kan náà, bébà kan náà, oògùn kan náà. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀, èkejì pọ́n bí amọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná.

Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi kun èkejì?" N kò fi nǹkan kan kùn ún. Inú dẹfẹlópà, oògùn tó ń mú àwòrán yọ lórí bébà, ló ti pọ́n.

Fádákà ló ń di àwòrán lórí bébà. Nígbà tí wóró rẹ̀ ṣì kéré, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń gbé mì jù, ojú wa á sì rí pupa rúsúrúsú. Bó bá dàgbà tán, ó di dúdú. Bébà bíi Ilford Multigrade Warmtone tàbí Fomatone máa ń pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n àwa la ó dá fádákà náà dúró kó tó dàgbà jù.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí iná ẹnlájà, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán nẹ́gétíìfù sórí bébà, pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, kí a sì bu omi la dẹfẹlópà. Èyí tí à ń fi omi ìlọ́po 9 là, mo ń fi ìlọ́po 20 là á. Àwòrán á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ibi tó ṣókùnkùn bá ti tó mi lójú, mo ti sọ ọ́ sínú omi kíkan tó ń dá iṣẹ́ dẹfẹlópà dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ́n sí i lè fi potassium bromide, iyọ̀ tó ń fa iṣẹ́ dẹfẹlópà sẹ́yìn, kún un: mílílítà 10 èyí tí a pò ní 10%, sínú lítà kan. Bó bá pọ̀ jù, àwọ̀ ewé lè yọ.

Ooru ni wàhálà wa níbí. 20°C ni wọ́n máa ń kọ sára ìgò dẹfẹlópà. Lóṣù Ẹrẹ́nà, omi tó ti sùn nínú táǹkì lè gbóná ju 30 lọ, pupa tí à ń wá á sì ti kọjá kí a tó rí i. Ohun tó ba fọ́tò dúdú yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo rò pé mo ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti parí. Nísinsìnyí, inú ọpọ́n omi tútù ni àwo dẹfẹlópà mi ń jókòó. Mo máa ń di yìnyín sínú ọ̀rá, kó má baà yọ́ sínú oògùn. Tẹmómítà kì í kúrò níbẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, n kì í wá yìnyín rárá.

Ẹ má fi iná pupa inú yàrá òkùnkùn dájọ́ àwọ̀ o. Kò sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀ níbẹ̀, bébà tó bá sì gbẹ tún máa ń ṣókùnkùn sí i. Mo máa ń fọ bébà pélébé kan ṣáájú, mo gbẹ ẹ́, mo gbé e sójú fèrèsé, kí n tó fọ odindi. Háípò náà ńkọ́, oògùn tó ń mú kí àwòrán dúró pẹ́? Fọ́tò tó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, torí fádákà wínníwínní kì í pẹ́ jẹ.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ní àwọn ère òkúta Èsìẹ́ lòun fẹ́ fọ̀, àwọn tí wọ́n kọ́ mùsíọ́mù fún ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mo ní kó má kán bromide sí tiwọn. Òkúta ni wọ́n, pupa díẹ̀ ti tó wọn. Ìkòkò ni mo máa ń jẹ́ kó pọ́n.