Ọmọ Tí A Bí Sókè Òkun, Ẹ̀rín Tí À Ń Fi Í Rín Nílé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti àgbà sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Lọ́sẹ̀ yìí, ilé wo ni kò ní ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tàbí ọmọ Houston nínú? Wọ́n wá bá regbéregbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) òbí wọn yọ̀, a sì ti rán aṣọ dè wọ́n. Ní ti aṣọ, a gbìyànjú. Kí ọmọ náà la ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín wa ni kò rọrùn.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ohùn rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Kó tó dìde, àǹtí kan ti pariwo: "Òyìnbó! Tún un wí!" Ẹ̀gbọ́n kan yọ fóònù, ó ní kó pe "ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́". Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kí i ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dáhùn. Ẹ wá ní ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. (Kì í kan bàbá láé!) Níléèwé lọ́hùn-ún, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, ó délé, ahọ́n rẹ̀ la fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pè é ní òyìnbó, ẹ wo òfin: láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń di ọmọ ibẹ̀ mọ́. Òbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú tàbí kó ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke. Ọmọ wà tí wọ́n bí síbẹ̀ tó jẹ́ páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan ló ní. Tiwa ńkọ́? Abala 25 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní bí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni ọmọ náà, bí wọ́n tilẹ̀ bí i sẹ́yìn odi. Òfin gbà á. Àwa là ń pè é ní òyìnbó.

Ẹ̀yin àgbà á rántí: láti àárín àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1970, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń kàwé tí wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ òru, a máa polówó nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́mọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ dàgbà lọ́dọ̀ ìdílé aláwọ̀ funfun ní Kent àti Sussex. Àwọn mìíràn bọ̀ wálé láìgbọ́ ẹyọ Yorùbá kan, ìyá ìyá wọn ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń wò ó lẹ́nu. N kò bú àwọn òbí yẹn. Òtútù, gbèsè àti ìdánwò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé èdè wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ pe ọmọ sí ìdí ààrò. Ẹ fún un ní ewùrà kó rin ín fún ìkọ́kọrẹ́. Ọwọ́ á yún un, á bèèrè ìdí. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ ní kó fi epo ra á. Ẹ jẹ́ kó máa bù ú sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, kó má tètè rò ó kó má bàa túká. Ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ dí kì í ráyè tijú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀.

Bàbá kan bi mí: Yorùbá ilé ìwé ni àbí Ìjẹ̀bú? Mo ní Ìjẹ̀bú, bó bá jẹ́ pé òun ni màmá àgbà ń sọ. Olùkọ́ Yorùbá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ni yóò kọ́ wọn ní Ìjẹ̀bú bí kò ṣe ẹ̀yin? Màmá kan dìde lẹ́yìn, ó ní ọmọ òun ní Lọ́ńdọ̀nù ti kìlọ̀ pé kí òun má sọ Ìjẹ̀bú sí ọmọ-ọmọ òun létí, kò ní jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáa. Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ kí n tó lọ.