Bẹ́ ẹ ṣe lè ya fótò adágún Crater Lake kí búlúù ẹ̀ jáde dáadáa

Ẹ káàbọ̀ o. Etí Crater Lake la wà yìí, ní Oregon, l'Amẹ́ríkà, ẹ sáà wo búlúù yẹn ná! Òkè ayọnáyèéfín ńlá kan, Mount Mazama, ló bú gbàmù ní nǹkan bí ọdún 7,700 sẹ́yìn, orí ẹ̀ wó wọnú, òjò àti yìnyín wá ń kún kòtò yẹn títí tó fi di adágún. Kò sí odò tó ń ṣàn wọ ibẹ̀ tó máa kó ẹrẹ̀ wá, omi ẹ̀ mọ́ gaara, ó sì jìn tó mítà 594, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ti wọnú ẹ̀, omi á gbé àwọ̀ pupa inú ìmọ́lẹ̀ yẹn mì, búlúù ló máa ń dá padà. Ohun tá a wá yà nìyẹn.

Àsìkò ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ ti máa ń gbọ́ pé àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù fún fótò, níbí ẹ pa ìyẹn tì. Watchman, ibi ìwòran tá a dúró sí yìí, apá ìwọ̀-oòrùn adágún ni, tílẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ojú yín loòrùn á kọ sí, omi á kàn máa dán bíi páànù tuntun ni. Ẹ jẹ́ kó gòkè dáadáa, bí aago mẹ́wàá sí aago méjì ọ̀sán.

Ó yá, ẹ gbé fíltà polarizer, gíláàsì tó máa ń dín dídán ojú omi kù, sórí lẹ́ǹsì, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má kánjú. Ẹ tẹjú mọ́ etí Wizard Island, erékùṣù kékeré tó wà nísàlẹ̀ wa yẹn. Ṣẹ́ ẹ rí i? Funfun tó ń tàn lójú omi ń lọ, àwọ̀ ewé tó wà níbi tómi ò ti jìn ń yọ bọ̀. Ẹ dúró síbẹ̀, ó ti tó.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbogbo adágún pátá, ẹ yọ fíltà yẹn kúrò torí á jẹ́ kójú ọ̀run dúdú lápá kan kó mọ́ lápá kejì. Ẹ má sì sáré lọ mú lẹ́ǹsì 14mm tó ń kó ibi tó fẹ̀ gan-an, ògiri òkè tó wà lódìkejì á kéré jù, kò ní jọjú. Ẹ lo 35mm, ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóòró, ẹ ya fótò mélòó kan láti òsì lọ sọ́tùn-ún tẹ́ ẹ máa so pọ̀ di ẹyọ kan, kí fótò kọ̀ọ̀kan wọnú èkejì tó ìdá mẹ́ta ẹ̀ kan. Manual ni o, ẹ fọwọ́ ara yín yan gbogbo ẹ̀: ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 100, ojú lẹ́ǹsì f/8, shutter (bó ṣe ń yára yà á) bí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, white balance (bó ṣe ń mú àwọ̀) sórí daylight, kẹ́ ẹ ti fókọ́ọ̀sì pa, torí tó bá jẹ́ auto, búlúù fótò kan ò ní bá tèkejì mu, ojú ibi tẹ́ ẹ ti so wọ́n pọ̀ á hàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ògiri kékeré tó wà níwájú wa yìí kọjá torí fótò, òkúta abẹ́ ẹ̀ ń yẹ̀. Drone náà, wọn ò gbà á níbí.

Tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ ń tún fótò ṣe, ẹ má fa saturation (bí àwọ̀ ṣe ń ki tó) sókè, búlúù á dì pọ̀, ẹ ò ní rí ìgbì omi mọ́, luminance búlúù (bó ṣe ń mọ́lẹ̀ tó) nìkan ni kẹ́ ẹ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.