Orúkọ Ni Kó Ṣíwájú Igi: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Òkú Ogun Kétu

Mo júbà Alákétu, mo júbà ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó síwájú mi. Àwọn ọ̀dọ́ tó pè mí ní àwọn fẹ́ gbin igi káàkiri ìlú fún àwọn ọmọ Kétu, ìlú wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí, tí ogun pa, kí pátákó ìrántí sì wà nídìí igi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n wá sọ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é. Màá sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ohun tó wà lọ́kàn mi pa mọ́: ẹ̀yin tí ẹ ti ń wá ọ̀gbìn igi kiri báyìí, ìparí lẹ fi ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá. Igi tí kò sí orúkọ ẹnì kan nídìí rẹ̀, ibòji lásán ni. Ibòji dára o, pàápàá nínú oòrùn tiwa yìí, ṣùgbọ́n ẹ kò nílò ìrántí òkú kí ẹ tó gbin ibòji.

Ta gan-an là ń pè ní òkú ogun Kétu? Bí a bá bi ọmọ iléèwé, á ní àwọn ṣọ́jà tó lọ jà fún Faransé ni, torí pé ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, tí Faransé fi ń rántí òpin ogun 1914 sí 1918, ló ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ogun ti pa wá kí Faransé tó dé. Ní 1883, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wọ ìlú yìí, wọ́n dáná sun ún, Ọba wa Ojeku sì bá ogun náà lọ. Ní 1886, láyé Ọba Glele ti Dàhòmì, wọ́n tún padà wá, wọ́n dó ti ìlú títí tó fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n kó àwọn tó kù lẹ́rú lọ sí Àbọ́mẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Kétu di ahoro. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì tó jẹ lẹ́yìn Glele, ni àwọn tó yè nínú wọn tó rọ́nà padà wálé, tí wọ́n fi Ọba Onyegen jẹ ní 1894, tí ilé tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Ohun tí ojú ṣì lè rí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Àlejò á wá, wọ́n á sọ ìtàn abuké fún un, á wo ìlẹ̀kùn, á wo ibi tí yàrà gbà, á ya fọ́tò, á lọ. Ẹnubodè náà ń jẹ́rìí pé ìlú dira ogun. Kò lè sọ ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà fún wa. A ní Bàbá Ẹlẹ́gùn tó ń ka ìtàn àwọn ọba láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a ní Ẹ̀fẹ̀ tó ń fi orin sọ̀rọ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí náà n kò ní gbà fún ẹni tó bá ní Kétu ò mọ ìtàn ara rẹ̀. Àmọ́ orúkọ ọba la mọ̀ ọ́n kà. Orúkọ àgbẹ̀ tó gbé ìbọn ṣakabùlà lọ sórí odi, orúkọ ìyàwó tó kú sójú ọ̀nà Àbọ́mẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, inú agbo ilé nìkan lẹ ti lè rí ìyẹn, bí ẹ bá lè rí i. Fún àwọn ti 1883 àti 1886, ìmọ̀ràn mi ni pé kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní igi kan. Kí wọ́n kọ orúkọ agbo ilé sí i, kí wọ́n wá kọ orúkọ tí wọ́n bá rí sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí àgbà kan lè rántí lọ́la.

Ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà Faransé le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ n farabalẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé pín ilẹ̀ Alákétu sí méjì: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ́kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá sì há sórí ààlà gan-an. Nígbà tí ogun 1914 bẹ́, àwọn ṣọ́jà láti Dàhòmì, orúkọ tí Faransé wá ń pe gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí, wà lára àwọn tó wọ Tógò lọ lé Jámánì, wọ́n tún dé Kamẹrúùnù, kí wọ́n tó máa kó wọn sọdá òkun. Ọ̀dọ̀ àwọn olóyè ni ìjọba ti ń béèrè fún ọ̀dọ́mọkùnrin, iye báyìí láti ìlú báyìí. Àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn lọ, wọ́n fẹ́ owó, wọ́n fẹ́ rí ayé. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi ipá mú. Ní ìhà Pobẹ́, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí Faransé, wọ́n kọ̀ láti fi ọmọ wọn sílẹ̀. Láti Kétu àti Ṣábẹ, àwọn èèyàn ń rọ́ gba ààlà kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn tó kú nínú ogun 1914 sí 1918 láti gbogbo ilẹ̀ Faransé ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó nǹkan bíi 30,000. Kì í ṣe ìbọn nìkan ló pa wọ́n. Òtútù àti àìsàn àyà pa wọ́n débi pé bí ìgbà òtútù bá ti ń bọ̀, wọ́n á kó wọn kúrò lójú ogun lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé, sí àgọ́ tó wà ní Fréjus lẹ́bàá òkun, títí ilẹ̀ á fi móoru. Ní 1924, ìlú Reims ní Faransé gbé ère kalẹ̀ fún wọn: ṣọ́jà dúdú mẹ́rin, ọ̀gá funfun kan láàárín wọn tó gbá àsíá mú. Àwọn Jámánì wó o ní 1940, wọ́n tún un gbé kalẹ̀ ní 2013. Ère tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ-ọmọ ṣọ́jà kan láti Kétu bá dúró níwájú rẹ̀, èwo nínú mẹ́rin náà ni kó pè ní bàbá ńlá rẹ̀?

Ẹ lè rí àwọn orúkọ náà. Ìjọba Faransé ti gbé káàdì àwọn tó kú nínú ogun yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ibi tí wọ́n ń pè ní Mémoire des hommes, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀. Káàdì kan, ẹnì kan. Orúkọ wà lókè. Ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ogun tẹ̀lé e, àti nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọjọ́ tó kú, ibi tó kú sí, àti ohun tó pa á: ọ̀tá ni, ọgbẹ́ ni, tàbí àìsàn. Ibi tí wọ́n bí i sí wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ ìbí àwọn tiwa kì í sábà jẹ́ ọjọ́, ọdún tí akọ̀wé méfò ni. Orúkọ náà ńkọ́? Bó ṣe dún létí akọ̀wé ló ṣe kọ ọ́. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà nìkan ò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ti àgbà tó mọ agbo ilé. Ọmọ á ka ohun tó rí sókè, á tún un kà, á fi ohùn sókè, á fi ohùn sílẹ̀, títí àgbà á fi dá a dúró: "Háà! Ọmọ ilé lágbájá mà nìyẹn."

Ṣé iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni? Ní oṣù kẹfà 1940, ní Chasselay nítòsí Lyon ní Faransé, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya àwọn ṣọ́jà dúdú tó ti juwọ́ sílẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ọkùnrin Faransé kan tó ń jẹ́ Jean Marchiani ló ṣa òkú wọn jọ, tó ra ilẹ̀, tó fi ògiri pupa bíi ti ilẹ̀ Màlì yí wọn ká. Wọ́n ṣí itẹ́ òkú náà ní 1942. Ibojì 196 ló wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn kò ní orúkọ. Ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ní 2022, wọ́n ṣí pátákó kan tó ní orúkọ 25 nínú wọn, orúkọ tí àwọn olùwádìí wá rí nínú ìwé àtijọ́. Ẹ̀yin ní àgbà láàyè nítòsí. Àwọn yẹn ò ní.

Àwọn ìbátan wa ní Ìmẹ́kọ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ń kó ṣọ́jà láti Nàìjíríà lọ sí Bọ́má láti 1943 sí 1945. Bí ẹ bá rí ọmọ bàbá kan náà tí ọ̀kan ṣubú fún Faransé, tí èkejì ṣubú fún Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má jẹ́ kí ààlà 1889 yà wọ́n nípa lórí pátákó.

Ẹ má sì fi ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2025, àwọn agbésùmọ̀mí pa ọmọ ogun Bẹ̀nẹ̀ 54 nínú ọgbà ẹranko W lókè àríwá. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló kéde iye náà. Bí ọmọ Kétu bá wà lára àwọn tó ti ń ṣubú lápá ibẹ̀ láti 2021, ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ ṣì máa ná ọjà pẹ̀lú wa. Kí ẹ lọ kúnlẹ̀ bi í kí ẹ tó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sẹ́bàá títì tó ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Bó bá ní òun ò fẹ́, ó parí.

Ẹ ní kí n sọ ti àwọn ẹlòmíràn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ballarat ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Láàárín 1917 sí 1919, wọ́n gbin igi tó lé ní 3,700 sí ẹ̀gbẹ́ títì kan tó gùn tó kìlómítà 22, igi kan fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan tó lọ sójú ogun, ẹni tó kú àti ẹni tó bọ̀. Àwọn obìnrin tó ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ kan ló kó owó jọ, àwọn náà ló sì ṣáájú nínú gbígbìn ín. Wọ́n fi pátákó kékeré tó ní orúkọ sídìí igi kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ṣọ́jà ṣe forúkọ sílẹ̀ tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n ṣe to igi náà. Wọn ò wo ipò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo mọ̀ wá: kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó ti máa jà lórí agbo ilé tí igi rẹ̀ máa kọjú sí ààfin.

Ní Bahia ní Bràsíl, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ, tí wọ́n ṣì ń pe ara wọn ní Kétu lójúbọ, wọn ò rí ìrókò. Igi mìíràn tí wọ́n ń pè ní gameleira ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n ń ró aṣọ funfun mọ́ ọn. N kò ní kí ẹ sọ igi ìrántí di ojúbọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ igi ò ṣàjèjì sí wa tó fi yẹ ká máa wá ẹni tó máa kọ́ wa. Bí ará wa bá kú sọ́nà jíjìn láyé àtijọ́, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wálé wá sin. Ẹni tí wọn ò rí èékánná rẹ̀ mú wá láti Faransé, igi náà lè dúró fún un.

Igi wo wá ni? Àràbà, ẹ jìnnà sí i láàárín ilé. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá já, òkú mìíràn nìyẹn. Tíìkì, ẹnì kan á gé e tà kí ọmọ yín tó gbéyàwó. Ìrókò ń pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ojú gbẹ́nàgbẹ́nà wà lára rẹ̀. Èmi faramọ́ akòko àti ọ̀dán: ẹ gé e ní ọ̀pá, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, á yọ ewé. Ilẹ̀ Kétu kò lómi nítòsí, gbogbo wa la mọ bí kànga ṣe jìn tó. Láti 1985 ni ìjọba ti ya ọjọ́ 1 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn, tí àwọn aláṣẹ ń wọ aṣọ ńlá wá gbé ṣọ́bìrì. Ẹ padà lọ wo ìdí àwọn igi náà nígbà ọyẹ́. Ewúrẹ́ ti jẹ ìdajì, oòrùn jẹ ìyókù. Igi tí kò bá ní agbo ilé tó gbà láti máa bomi rin ín, tó ṣọgbà yí i ká, ẹ má gbìn ín.

Pátákó náà, ẹ má kàn án mọ́ igi. Igi ń sanra; á gbé ìṣó àti orúkọ mì. Bàbà àti irin, àwọn tó ń ra àlòkù irin á gbé e lọ lóru. Ẹ da kọnkéré kúkúrú sídìí rẹ̀, kí ẹ gbẹ́ orúkọ sínú òkúta tí ẹnikẹ́ni ò lè tà. Yorùbá ni kó wà lókè, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, Faransé lábẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sí gbogbo wọn lórí pé wọ́n kú fún ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí wọ́n so lókùn mú kúrò lóko kò kú fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ibi tó kú sí àti ọdún tó kú, ó tó.

Nígbà ìbéèrè, bàbá kan bi mí bóyá ó yẹ ká gbin igi fún àwọn tó sá gba ààlà kọjá. Mo ní bí wọ́n bá kú sójú ọ̀nà, tàbí tí wọ́n kú níbi tí wọ́n ti ń lé wọn, òkú ogun ni wọ́n. Bí wọ́n bá délé ayọ̀ ní Ìmẹ́kọ tí wọ́n bímọ, ẹ jẹ́ ká kí wọn kú oríire. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò gbà. Ọ̀dọ́bìnrin kan béèrè ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìwé kan lé e lọ́wọ́ tí mo ti fa ìlà mẹ́rin sí: orúkọ, agbo ilé, ogun tó bá a lọ, ẹni tó sọ ọ́ fún wa. Mo ní kó má gba ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ìlà kẹrin rẹ̀ bá ṣófo.